Ọ̀gá Fonohema àti Fáìlì Tí Iná Kò Rí Jó

Bí ìgbéraga bá ń pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ ni, Ọ̀gá Semisi K. Fonohema ì bá ti kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe Ọ̀gá Àgbà Àjọ Èbúté Motulahi. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í tètè pa ni. Ó máa ń fún ènìyàn láyè kó kọ́kọ́ sanra. Ọ̀gá Fonohema sì sanra dáadáa, débi pé ẹní ìbàdí tí gbogbo wa ń ró lọ sí ibi iṣẹ́, àfi kí wọ́n dìídì hun tirẹ̀ ní méjì kí wọ́n tó rán an pọ̀.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀ o. Ọkọ̀ ojú omi kan ló wà ní èbúté wa, òun ló ń kó wa láti erékùṣù wa lọ sí Nuku'alofa, olú-ìlú wa, tó tún ń kó wa bọ̀. Ilé ẹrù kan wà níbẹ̀, fèrèsé kan tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àti ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ tí ìkòkò iṣu kan lè bọ́ yó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá ń sọ láràárọ̀ yóò rò pé òun ló ń pàṣẹ fún òkun kó tó fà, kó tó kún.

"Ní àná," báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, "òkun fẹ́ ru. Mo jáde. Mo wò ó. Ó dákẹ́."

"Ó dákẹ́ lóòótọ́, Ọ̀gá!" Lisiate, akọ̀wé rẹ̀, a dáhùn. "Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń dákẹ́!"

Bí ẹ bá mọ Lisiate, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn. Bí Ọ̀gá bá sín, Lisiate a ṣí ìwé kó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí Ọ̀gá fẹ́ràn jù láyé ni àga rẹ̀. Láti Niu Silandi ló ti ra àga náà fúnra rẹ̀, igi rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ilẹ̀kùn lọ, wọ́n sì ní láti wó ara ògiri kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ FONOHEMA sí ẹ̀yìn rẹ̀ gàdàgbà, kí ìjọba má baà rò pé ti ìjọba ni. Ó wá gbé e sórí pèpéle, kí ẹni tó bá wọlé lè gbójú sókè wò ó bí ẹni ń wo àgbọn lórí igi. Folau, ọ̀gákọ̀ wa, kò lè sọ pé epo ń jò lára ẹ́ńjìnnì láì kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀, kó pàtẹ́wọ́, kó wúkọ́, kó sì dúró kí Ọ̀gá fi orí dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa parí gbogbo rẹ̀, epo ti jò tán.

Ohun méjì péré ni Ọ̀gá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ. Àkọ́kọ́ ni K tó wà láàárín orúkọ rẹ̀. Ó ní Kingi ni, pé ọba ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó tán. Ìkejì ni agogo ńlá tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà èbúté, èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ kan tó fọ́ sórí òkúta wa nígbà láéláé. Agogo yìí ni wọ́n ti ń lù láti ayébáyé bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra. Ọ̀gá dé, ó ní orí ń fọ́ òun, kí ẹnikẹ́ni má lù ú mọ́, ó sì ní kí wọ́n da aṣọ tapọ́lì bò ó. Àwa rò pé orí ló ń fọ́ ọ lóòótọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí agogo yẹn wà lọ́kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí náà fún yín kí n lè rọ́nà sọ ìyókù. Lọ́dọ̀ wa, bí òṣìṣẹ́ bá ti pé ọgọ́ta ọdún ló ń fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni òun, ó sì ti ń jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta bọ̀ tipẹ́tipẹ́. Irun rẹ̀ dúdú kirimú. Bí oòrùn bá mú jù, dúdú náà a máa ṣàn sí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí òtítọ́ wà ni fáìlì rẹ̀ nínú àpótí irin, ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sì ń gbé. Àwọn tó wà ní olú-ìlú ìbá ti bi í léèrè, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé wa, bí wọ́n ṣe máa ń gbàgbé wa.

Àfi ọjọ́ kan tí wọ́n rántí.

Lẹ́tà dé. Losaline tó ń tọ́jú fáìlì ló kà á sókè. Obìnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn ni Losaline, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ kì í sùn síbẹ̀. Lẹ́tà náà ní olùyẹ̀wò kan ń bọ̀ láti wo bí a ṣe ń pa fáìlì òṣìṣẹ́ mọ́ àti bí a ṣe ń pa á run. Òfin wà nísàlẹ̀ rẹ̀: fáìlì ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ti ẹni tó ti lọ, ẹ pa á mọ́ fún ọdún méje, lẹ́yìn náà, kí ẹ pa á run níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí yóò fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀gá di apá àga rẹ̀ mú bí ẹni tí ìgbì fẹ́ gbé lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanra tó báyẹn, ìbẹ̀rù kì í tètè hàn lára rẹ̀.

"Losaline, ka ìparí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"'Kí ẹ pa á run pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má lè rí i kà mọ́.'"

"Áà! Ọlọ́gbọ́n ló kọ ìyẹn."

"Ọ̀gá, ti àwọn tó ti lọ ni wọ́n ń sọ o. Tiwa tí a ṣì wà níbí, wọ́n ní ká má dé ibẹ̀."

"Losaline, jẹ́ kí n bi ọ́. Ta ni olè máa ń jà?"

"Ẹni tó bá ní nǹkan ni, Ọ̀gá."

"Ó tán! Bí a kò bá ní fáìlì kankan, kí ni olè máa jí?"

Lisiate bú sẹ́kún. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Losaline wí lábẹ́lẹ̀, "kí o sì jó o."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ohun tí Ọ̀gá pè ní Ètò Ààbò Pátápátá. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tí ń fa ìwé ya sí wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Ọ̀gá ti fáìlì bọ̀ ọ́ lẹ́nu tòun ti irin tó di í mú. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó rú èéfín díẹ̀, ó sì kú. Lisiate ní kí gbogbo wa dìde dúró ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún un. A dìde. Kí la fẹ́ ṣe?

Nígbà náà ni Ọ̀gá gbé àṣẹ kejì jáde láti orí pèpéle. Ó ní ọ̀nà òyìnbó ti já wa kulẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sí ti àwọn baba wa: kí wọ́n gbẹ́ ihò ààrò sí iwájú èbúté, kí wọ́n to òkúta sí i, fáìlì ni wọn yóò sì fi dáná. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ihò ààrò gbóná lásán, kí wọ́n wá ẹlẹ́dẹ̀ kan sí i, àti iṣu, àti ewé kókò tí wọ́n fi omi àgbọn pò.

Gbogbo ìlú ló jáde. Ẹgbẹ́ afunfèrè ṣọ́ọ̀ṣì fun orin ìyìn. Pásítọ̀ gbàdúrà lé àwọn fáìlì lórí bí ẹni ń sin ará ilé rẹ̀. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí, ó ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dáàbò bo òṣìṣẹ́ débi pé kò ní sí ohun tó kù lára òṣìṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé fáìlì tirẹ̀ lé àyà, ó gbé e sínú iná ṣáájú gbogbo fáìlì yòókù, ojú rẹ̀ sì tú ká bí ojú ọmọ tó jí ẹran jẹ tí wọ́n sì lu ológbò.

Ó ku ẹlẹ́rìí. Lisiate fọwọ́ sí i kíá. Losaline ní òun ò fọwọ́ sí ìwé wèrè. Pásítọ̀ ní òun dijú nítorí àdúrà, òun ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá ronú, ó ronú, ó wá ní, "Ta ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ta ló sún mọ́ iná jù lọ?" Báyìí ni wọ́n ṣe kọ Ẹlẹ́dẹ̀ sí ibi tí orúkọ ẹlẹ́rìí kejì wà, wọ́n fi pátákò rẹ̀ kan tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìwé. Lẹ́yìn náà la jẹ ẹlẹ́rìí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni olùyẹ̀wò bá ọkọ̀ dé. Kalolaine lorúkọ rẹ̀, obìnrin kúkúrú tó so awò ojú mọ́ ọrùn, apẹ̀rẹ̀ kan ló sì gbé lọ́wọ́. Wọ́n kọrin kí i, wọ́n fún un ní kava, ohun mímu tí a fi ń gba àlejò, Ọ̀gá sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tó gùn débi pé ìgbà méjì ni wọ́n tún kava pò. Kalolaine dúpẹ́ dáadáa, bó ṣe yẹ ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó wá ní òun fẹ́ rí àpótí fáìlì.

Wọ́n ṣí i. Lisiate ti nù ún mọ́ tónítóní, ó sì ti fi òdòdó pupa kan sí àárín rẹ̀.

"Fáìlì dà?" ni Kalolaine béèrè.

"A ti dáàbò bò wọ́n," ni Ọ̀gá dáhùn.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Ibi tí ọwọ́ olè kankan kò lè tó láéláé."

"Mo gbọ́. Níbo ni?"

"Inú wa ni, Ìyá," ni Losaline wí láti ẹ̀yìn. "Wọ́n ti fi se ẹlẹ́dẹ̀."

Kalolaine gbé awò sójú. Ọ̀gá yára na ìwé ẹ̀rí sí i. Ó kà á, ó yí i padà, ó tún un kà.

"Ẹlẹ́rìí kejì yìí ńkọ́? Ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀?"

Lisiate ló wá fọhùn. "Ó ti... ó ti fẹ̀yìn tì, mà."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ dúró síbí yìí, ta ni yín?"

"Òṣìṣẹ́ ni wá, mà."

"Ẹ̀rí dà? Ìwé tí ẹ bá fi gba ẹnìkan síṣẹ́ níbí, a gbọ́dọ̀ rí i. Mi ò rí ọ̀kan. Ní ti ìwé, ilé iṣẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́ ni mo wà yìí. Èyí tí kò bá sì ní òṣìṣẹ́, títì ni mo máa tì í. Ọkọ̀ yẹn náà ò gbọdọ̀ gbéra. Ìwé tó fi hàn pé ọ̀gákọ̀ yín mọ ọkọ̀ wà, wọ́n ti fi se ẹlẹ́dẹ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibi tí ọ̀nà pọ̀ sí lè máà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun wa ni ọkọ̀ yẹn. Òun ló ń kó ìyẹ̀fun àti oògùn wá, òun ló ń gbé aláboyún tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Folau tó ti ń wa ọkọ̀ yìí láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù jókòó sórí okùn, ó ń sunkún ní gbangba. Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí: pé nítorí kí ènìyàn kan lè máa jókòó sórí àga, ó fẹ́ kí gbogbo ìlú máa jókòó sílẹ̀ lásán.

"Ìyá," ni Losaline wí, "ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?"

Bí Ọ̀gá bá ti dákẹ́ níbi yìí ni, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí Losaline béèrè ohun tí òun Fonohema kò dáhùn? Ó gun pèpéle, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìwé kí ni ìwé? Ta ló mọ ènìyàn ju arábìnrin bàbá rẹ̀ lọ? Kí arábìnrin bàbá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá búra níwájú pásítọ̀! Ẹni tí ọmọ náà í ṣe, ìgbà tí wọ́n bí i, iṣẹ́ tó ń ṣe! Kí olùyẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀, kó di fáìlì! Èmi Fonohema yóò fún ìyá kọ̀ọ̀kan tó bá wá ní ẹní híhun dáradára kan àti itan ẹlẹ́dẹ̀ kan, kí ayé lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe ahun!"

Àwa pàtẹ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sọ ohun tó mọ́gbọ́n dání. Lọ́dọ̀ wa, arábìnrin bàbá ẹni ni ọba ẹni. Òun ló ń sọ ọmọ lórúkọ, òun ló ń kọ́kọ́ bù nínú oúnjẹ, bí ohunkóhun bá wù ú nínú ilé ọmọ arákùnrin rẹ̀, yóò gbé e, ọmọ yóò sì dúpẹ́. Kò sí ẹni tí í já a nírọ́. Kalolaine fúnra rẹ̀ jẹ́ arábìnrin bàbá fún ọmọ tó pọ̀. Ó gbà.

"Tiyín ńkọ́, Ọ̀gá?" ni Losaline béèrè. "Ṣé arábìnrin bàbá tiyín ń bọ̀?"

Ọ̀gá wolẹ̀. "Ó ṣeni láàánú. Ibi tó wà, ọkọ̀ wa kì í dé ibẹ̀. Èmi fúnra mi yóò búra fún ara mi."

Òtítọ́ ló sọ. Auckland ní Niu Silandi ni màmá náà wà, ọkọ̀ wa kì í sì dé Auckland. Ṣùgbọ́n Lisiate gbé ọwọ́ lérí, ó kígbe ẹkún, ó lọ wọ aṣọ dúdú, ó sì ró ẹní ìbàdí ọ̀fọ̀, èyí tó tóbi tó fi bò ó láti àyà dé orúnkún. Ọ̀gá rí i, kò sì sọ pé màmá kò kú.

Arábìnrin bàbá Folau ló kọ́kọ́ wá, kí ọkọ̀ lè rí ẹni wà á lọ gbé àwọn tó kù. "Èmi ni mo sọ ọ́ ní Folau," ló wí, "nítorí pé ìrìn àjò orí omi ni bàbá rẹ̀ wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bẹ̀rù omi títí ohùn rẹ̀ fi yí padà. Inú garawa la ti kọ́ ọ lúwẹ̀ẹ́." Folau bojú, ṣùgbọ́n ó ti tún di ọ̀gákọ̀. Ti Lisiate dé, ó ní, "Ọjọ́ tí pásítọ̀ àtijọ́ yọ̀ ṣubú níwájú pẹpẹ la bí eléyìí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè dúró ṣánṣán níwájú ẹni ńlá." Kalolaine kọ gbogbo rẹ̀. Losaline ń to fáìlì tuntun sínú àpótí, òdòdó Lisiate sì ti rọ síbẹ̀.

Ìròyìn ẹlẹ́dẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹnìkan fi fóònù pe ẹnìkan ní Nuku'alofa, ẹni yẹn pe ọmọ rẹ̀ ní Auckland: wọ́n ní àwọn arábìnrin bàbá ń gba ẹní àti itan ẹlẹ́dẹ̀ ní Motulahi o. Màmá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún gbọ́ ọ níbẹ̀ nínú ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò dúró gba ìbùkún. Ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n tó kọ orin ìparí.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ Folau gúnlẹ̀. Ọ̀gá wà lórí àga rẹ̀, ó ń sọ fún Kalolaine bí òun yóò ṣe búra fún ara òun, nígbà tí agogo bú jáde níta. Kì í ṣe ìlù kékeré. Ẹnìkan ti fa tapọ́lì ya, ó sì ń fi ọ̀pá lu agogo náà bí ẹni ń jí òkú.

"Ta nìyẹn?" Ọ̀gá fò dìde. "Orí mi! Ta ló láyà bẹ́ẹ̀?"

"Èmi Pisila ni!" ohùn kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ta ló da aṣọ bo agogo mi? Ṣé òkú ni?"

Lisiate tó wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀ wo màmá, ó wo Ọ̀gá, ó wo aṣọ ara rẹ̀. "Màmá, ṣebí ẹ ti kú?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ lo máa kọ́kọ́ kú. Ṣé nítorí mi lo fi wé ara rẹ bí ọ̀dùnkún yìí?"

Màmá Pisila, arábìnrin bàbá Ọ̀gá, gun pèpéle, ó tẹ ìjókòó àga náà wò pẹ̀lú ìka, ó sì jókòó sí i. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ kì í jókòó ga ju arábìnrin bàbá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Àgbà Àjọ Èbúté Motulahi sọ̀kalẹ̀, ó sì ká ẹsẹ̀ sórí ẹní, níbi tí Folau máa ń jókòó sí láti wúkọ́.

Wọ́n gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ wá. Màmá jẹ díẹ̀, ó nu ọwọ́, ó búra.

"Ìwọ lo ń kọ ọ́, ọmọ mi? Kọ ọ́ dáadáa. Èmi ni mo sọ ọmọ yìí lórúkọ. Semisi ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kapapulu ni èyí tí mo fún un."

Kapapulu. Ẹ jẹ́ kí n wí i jẹ́jẹ́: ẹran màlúù inú agolo. Ẹ̀rín sọ lẹ́nu ẹnìkan lẹ́yìn, ó sì fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

"Kì í ṣe Kingi?" ni Kalolaine béèrè.

"Kingi ti ilé ta ni? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwa sì wo ilé: agolo ló kún ibẹ̀! Àárọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń rọbí, ọkọ̀ tó kó ẹran agolo fọ́ sórí òkúta níwájú ibí yìí. Mo rán bàbá rẹ̀ kó lọ pe agbẹ̀bí. Ó dé etíkun, ó rí agolo tó ń léfòó, ó gbàgbé agbẹ̀bí. Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ yìí fúnra mi. Bàbá rẹ̀ wọlé, agolo kún apá rẹ̀, ó ní, 'Pisila, kí ni ká sọ ọ́?' Mo ní, 'O ṣì ń bi mí?' Ẹran yẹn la jẹ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kí wọ́n tó kó lọ sí olú-ìlú."

Òógùn ti ń bọ́ lójú Ọ̀gá. Ó rọra sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bóyá... bóyá ọkọ̀ mìíràn ni? Èyí tó fọ́ lẹ́yìn ìgbà náà?"

Gbogbo ilé pariwo "Áà!" Pásítọ̀ pàápàá la ojú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń já arábìnrin bàbá rẹ̀ nírọ́!

"Ọkọ̀ mélòó ló ti fọ́ síbí, Kapapulu? Agogo rẹ̀ ni mo lù wọlé yìí. Wọ́n gbẹ́ ọdún tó fọ́ sára rẹ̀. Ẹ lọ wò ó."

A tú jáde lọ wò ó. Kalolaine fi ọwọ́ nu iyọ̀ tó ti gbẹ mọ́ ara agogo náà, ó kà á, ó ṣírò rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Dúdú irun Ọ̀gá ti ṣàn dé kọ́là, ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ó wo agogo náà bí ẹni ń wo ọ̀tá rẹ̀, ó wá rí ọ̀nà kan tó kù.

"Agogo yìí ti ju ọdún méje lọ!" ló kígbe. "Ìwé àtijọ́ ni! Òfin ní ká pa á run! Lisiate, gbé òòlù wá!"

Lisiate kò mira. Ó ti rọra rìn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kalolaine, ó ń bá a di apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ṣé èmi lẹ ń bá wí, Bàbá?" ló béèrè.

Bàbá! Kì í ṣe Ọ̀gá mọ́. Mo rí ojú Fonohema nígbà tó gbọ́ ọ, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú rẹ̀. Mo ní fẹ́rẹ̀ẹ́.

Kalolaine fọwọ́ sí ìwé tó kẹ́yìn. "Gẹ́gẹ́ bí màmá ṣe búra, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, Bàbá, ẹ kàn ń bọ̀ níbi iṣẹ́ ni. Ẹ kò ní àṣẹ láti jó ìwé kankan. Ìyẹn, màá kọ̀wé rẹ̀ sókè, wọn yóò pè yín. Fáìlì yìí sì wà lára ti àwọn tó ti lọ. Losaline, ẹ pa á mọ́, ẹ má jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn."

"Kò níyọnu, Ìyá," ni Losaline wí. Ó gbé fáìlì Kapapulu Fonohema síwájú gbogbo yòókù, ó ti àpótí náà, ó sì na ọwọ́ sí ọrùn Fonohema láti gba kọ́kọ́rọ́. Fonohema bọ́ ọ fún un.

A rò pé ó ti tán. Folau ti ń tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí Màmá Pisila tún fi ìka tẹ àga náà wò.

"Kapapulu, àga yìí rọ ẹ̀yìn mi lọ́rùn. Èyí tí mo ní ní Auckland, ó ń ta mí."

Kalolaine la ẹnu láti sọ pé ohun ìní ìjọba kò ṣe é gbé lọ. Ó rí FONOHEMA gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

Fonohema wo àga. Gbogbo ìlú dúró láti gbọ́ ohun tí yóò sọ, nítorí ohun kan ṣoṣo ló wà tí ọmọ lè sọ.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ló wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ gbà á."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹnikẹ́ni kò bá a fọwọ́ kàn án. Ó gbé àga náà rù fúnra rẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí pátákó tí a fi ń wọ ọkọ̀, orúkọ rẹ̀ kọjú sí wa. Losaline lọ lu agogo, ó lù ú dáadáa, ọkọ̀ sì kúrò ní èbúté.

Màmá Pisila jókòó sórí àga níwájú ọkọ̀, itan ẹlẹ́dẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó pariwo, "Kapapulu o!"

Àwọn ọmọ èbúté gbà á lẹ́nu rẹ̀. Folau gbà á láti ibi tó ti ń wa ọkọ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń pè é, láti ilé ẹrù dé fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì: "Kapapulu! Kapapulu!"

Fonohema, tó ti sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, dúró sí etí omi, kò sí ibi tí yóò jókòó sí. Ó wúkọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dáhùn.